Lógò Tó Gbé Eré Mì

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé eré tí Àmúdà ṣe jáde lórí tẹlifíṣàn, gbogbo jẹnẹrétọ̀ Ìwó ló ń ké, nítorí iná ti ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan gun ọ̀kadà wá wò ó láti Olúpọ̀nnà. Iléeṣẹ́ Odídẹ, tí Àmúdà fi orúkọ ẹyẹ ìlú wa sọ, fẹ́ fi Ìwó han ayé. Lógò, àmì iléeṣẹ́ tó máa ń ṣáájú eré, jáde. Ẹyẹ na ìyẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ìrẹsì tí Kùdírátù, ìyàwó Àmúdà, gbé kaná jinná, wọ́n bù ú, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fọ abọ́. Lógò ṣì ń lọ. Nígbà tí eré wá bẹ̀rẹ̀, olè kan yọ́ wọ agbo ilé. Olè ọmọlúàbí ni, ó gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ni ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀! Ààbọ̀ wákàtí tí wọ́n fún wọn ti tán. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Lógò náà ò kúkú gùn níbẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ. Odídẹ ni wọ́n fẹ́ yà, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí odídẹ láyé ìsinsìnyí? Àmúdà bá ki adìyẹ kan mọ́lẹ̀, ó fi eérú pa á lára, ó kun ìrù rẹ̀ ní pupa, ó sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú lórí Wasáàpù. Kò pẹ́ tí Ràhámọ̀tù, àgbà obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, fi dé.

“Àmúdà! Adìyẹ mi tó sọnù nìyẹn!”

“Odídẹ ni, Ìyá Muslimah.”

“Odídẹ wo ló ń ha ilẹ̀ jẹ?”

“Ẹ rọra, Ìyá. Adìyẹ yín di gbajúmọ̀, ẹ ní ó sọnù.”

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ ni oríkì. Àmúdà fi oríkì agbo ilé tirẹ̀ sínú lógò, ó sì ya àgbà ilé náà níbi tó ti ń juwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò Gidigbó gbọ́, wọ́n ní ṣé igbó ni àwọn ti wá ni? Ó fi tiwọn kún un. Àwọn ará Òkè-Adán náà dé. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gé oríkì onílé láàárín ti bú onílé. Ojú Abdulfatah, tó ń to fíìmù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, rí màbo.

“Àlàájì,” ló bẹ Àmúdà, “ẹ jẹ́ kí n gé Bàbá Àyàndìran díẹ̀ nínú lógò.”

“Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, o fẹ́ gé e. Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Kí wọ́n gbé e sí òfuurufú?”

Lẹ́yìn eré ọjọ́ Sátidé yẹn, Lydia, obìnrin tó ń bójú tó eré nílé tẹlifíṣàn l'Óṣogbo, pe Àmúdà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gé lógò yẹn kúrú, a ó máa gbé eré yín jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní lè gbà á mọ́.”

“Lydia ọmọ mi, nínú àwọn àgbà wọ̀nyí, ta ni kí n kọ́kọ́ lé jáde?”

“Eré ni mò ń sọ, sà.”

“Èèyàn lèmi ń sọ.”

Kùdírátù kúnlẹ̀. “Bàbá Hussain, ẹ gé e, nítorí Ọlọ́run. Gbogbo ohun tí a ní la ti ná sórí eré yìí. Lógò burúkú yìí máa pa wá!”

Àmúdà ò gé e. Ilé tẹlifíṣàn ò sì gba eré mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, lógò nìkan ni iléeṣẹ́ Odídẹ ń ṣe. Ó ṣe lógò oníràkúnmí. Ó ṣe èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pa jáde láti inú ẹyin, tòun ti fìlà. Eré kankan ò sí lẹ́yìn wọn. Ó dà bí ẹni tó ń kọ́ géètì olówó iyebíye sí ilẹ̀ tí kò nílé. Abdulfatah lọ ń ya fídíò ìgbéyàwó n'Íbàdàn. Iná tó ṣẹ́jú ní ọ̀sán ọjọ́ kan jó kọ̀ǹpútà tí gbogbo eré wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó gbàgùdá sínú yàrá iṣẹ́. Eku ló wá kù tó ń ṣeré níbẹ̀.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, Àmúdà kírun àsùbáà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, lẹ́yìn àdúrà, Abdulfatah mú lógò gígùn náà jáde láti orí fóònù rẹ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn ńlá lágbàlá. Nígbà tí ẹyẹ na ìyẹ́, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù ló rín jù. Ìgbà náà ni àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àyàndìran, tó ti kú. Ìyá Halimah, tó ti kú. Àgbà Òkè-Adán tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ẹ̀rín ń fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ń dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹni tó kẹ́yìn ni Àmúdà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí gan-an, tó ń juwọ́, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eré rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn. Kò sẹ́ni tó dìde.

“Ó ti tán?” ni Kùdírátù béèrè. “Ó mà kúrú o.”