Sítíárìn Bàbá Mi Tí Wọ́n Gbé Sí Apá Òsì

Wọ́n yọ sítíárìn ọkọ̀ bàbá mi kúrò lápá ọ̀tún, wọ́n gbé e sí apá òsì, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín ni àwọn tó yẹ kó dáhùn fi ń bò ó. Wọ́n á ní, “Àǹtí, ẹ má bínú jàre, ọkọ̀ yín kúkú ń rìn.” Ó ń rìn lóòótọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kò rìn.

Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, oníjòkòó méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí èèyàn lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá mi rà á n'Íbàdàn nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ awọnlẹ̀, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé. Nígbà yẹn, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún inú ọkọ̀ ni awakọ̀ sì ń jókòó sí. Kò pẹ́ tí ìjọba fi pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọ̀tún. Títì yí padà, ọkọ̀ bàbá mi kò yí padà. Ìwé rẹ̀ pé títí dòní. Ọlọ́pàá tó bá dá wa dúró ní Ìyànà Ìpájà, fọ́tò ló máa ń fẹ́ yà.

L'Ẹgbẹ́dá tí a ń gbé, àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń bú u pé ó ń wọ́lẹ̀ bí alángbá. Bàbá mi á ní alángbá náà ti dáyé kí wọ́n tó bí wọn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Kábúrétọ̀ méjì ló ní, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa mí dọ́gba. Láti kékeré ni bàbá mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń ti orí okùn rọ́bà oníhò kan bọ etí, tí a ó gbé orí kejì sẹ́nu kábúrétọ̀, tí a ó sì máa fetí sí èémí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń súfèé ju èkejì lọ, a ó yí i díẹ̀, a ó tún gbọ́. Ìnṣì ni wọ́n fi wọn àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá fi sípánà mílímítà yí wọn tipátipá, á bó wọn lórí, á sì máa sọ pé irin náà ti gbó ni. Gbogbo mẹkáníìkì tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa ń fẹ́ yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan ní òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi nǹkan báyìí sí i, òmíràn ní waya ti pọ̀ jù. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá mi ti máa ń dá wọn padà.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà padà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò padà tán. Ó lè di nǹkan mú, ṣùgbọ́n kò lè tì í, kò sì lè fà á. Dókítà ní kò burú bó bá ń wakọ̀ díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ti jókòó tì í. A gbé ọkọ̀ tèmi fún un, èyí tó ń yí jíà ara rẹ̀. Ó wà á dé ìkóríta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe wíwà, gbígbé ni wọ́n ń gbé òun. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló fẹ́. Níwọ̀n bí awakọ̀ sì ti jókòó sápá ọ̀tún nínú rẹ̀, ọwọ́ òsì ni jíà wà, ọwọ́ tó yè. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣì bá ara bàbá mi mu nìyẹn.

Ìdí tí mo fi gbé e lọ sọ́gbà àwọn mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Ìdímù rèé. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún mẹkáníìkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó gba fáànù oníná lára ọkọ̀ tòkúnbọ̀, kó so ó mọ́ rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kó wá bíréèkì tó rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Kó gbé ìjókòó sókè díẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni mọ́tò kékeré kan tí mo ti rà sílẹ̀, tí wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀pá sítíárìn kó lè fúyẹ́, kí ọwọ́ tí kò lágbára lè yí i. Mo fọwọ́ gbá sítíárìn náà níwájú rẹ̀, mo ní, “Ibi tó wà yìí gan-an ni kó wà o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yé òun, ṣé òun náà ò ní bàbá ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Àárín iṣẹ́ náà ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ó lọ sílé lọ sìnkú, ó sì dúró di ìgbà fìdáù. Nínú ọgbà yẹn, wọ́n ní àṣà kan tí mo ti máa ń yìn wọ́n fún. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan, àwọn yòókù á bá a parí iṣẹ́ tó bá wà nílẹ̀, kó má baà ti ibi ìsìnkú bọ̀ wá bá ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Àwọn kan nínú wọn bá a dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbé òkú sin. Àwọn tó kù dojú kọ ọkọ̀ wa.

Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí láti ilé. Ó ní wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ṣe é kọjá ohun tí mo sọ. Mo dúpẹ́. Mo ṣàdúrà fún wọn lórí fóònù, ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tèmi, mo ń ṣàdúrà kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá rẹ̀ sí àlùjánnà.

Mo mú bàbá mi dání lọ gbé e. Ó dé fìlà, ó wọ bàtà tó nípọn, èyí tó fi máa ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dé ọgbà, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ kí i. Alága wọn, àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí táàpólì tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Bàbá mi kò wo ọ̀dà. Ó gba apá ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe, ó ṣílẹ̀kùn, ó rọra gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó jókòó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá jíà, ó rí i. Ọwọ́ ọ̀tún dìde láti di sítíárìn mú, ó sì dúró sínú afẹ́fẹ́.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ihò tí ọ̀pá sítíárìn ti jáde ni wọ́n fi àkísà dí.

Ẹ̀rín wọn kò ní ìkà nínú, kí n sọ òótọ́. Alága na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, “Bàbá, ibí ni tiyín báyìí o. Kò sí ọlọ́pàá tó máa yọ yín lẹ́nu mọ́ láyé.”

Bàbá mi kò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló ní kí n máa jókòó bí èrò?”

Ẹ̀rín dá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ náà po, mo ń wò ó. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, wọ́n sì fi páànù tí wọ́n gé lára fìríìjì àlòkù dí ojú ibi tí wọ́n gé. Mo rí àmì ibi tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn fìríìjì wà. Wọ́n ti jó bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì mọ́ apá òsì. Sítíárìn onígi bàbá mi ti lọ, oníke ni wọ́n fi rọ́pò. Aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ṣì wà lápá ọ̀tún, níwájú ẹni tí kò wakọ̀. Àwọn ọ̀pá tó ń nu òjò ṣì ń nù ún fún apá ọ̀tún. Bí òjò bá rọ̀, èrò ni yóò ríran. Mọ́tò kékeré tí mo rà wà nínú páálí lẹ́yìn ìjókòó, wọn ò tú u.

Mo bi wọ́n pé ta ló gé e. Ajórin wọn wo alága, alága wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní gbogbo wọn ni. Mo ní gbogbo yín kọ́ lẹ lè di ẹ̀rọ ìgérin kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Alága wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ó ní mẹkáníìkì sọ fún wọn kó tó lọ pé àgbàlagbà ló máa wà á, pé kí wọ́n mú kí sítíárìn rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ní àwọn jókòó gbèrò. Ó ní àwọn wòye pé kò yẹ kí a jẹ́ kí àgbà máa ti apá òdì wakọ̀ láàárín àwọn onídáńfò Ìkòtún, pé àánú làwọn fi ṣe é, àwọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó gbèrò lórí ọwọ́ bàbá mi, ẹ ò sì bi í ọwọ́ wo ló ń dùn ún?”

Ajórin ní àwọn lè dá a padà síbi tó wà. Mo ní ó dáa, ẹ kó àwọn irin rẹ̀ wá. Wọ́n ti kó wọn fún àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri.

Nígbà tí mẹkáníìkì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi. Ó ní òun ò rán wọn. Mo ní kó bá mi pe ẹni tó gé e. Ó ní, “Àǹtí, àwọn tó bá mi sin ìyá mi ni. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pè wọ́n lẹ́jọ́?” Ó ká mi lára. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n bá a sin. Bàbá tèmi ṣì wà láàyè, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí àga.

Bàbá mi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sápá òsì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé jíà, kò lè tì í wọlé. Ó na ọwọ́ òsì kọjá àyà ara rẹ̀ láti bá a tì í, sítíárìn sì wà láìsí ọwọ́ kankan lórí rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, kò béèrè rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ará ọgbà. Ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá? Ta ló gé irin náà? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tẹ̀ mí láago, nígbà tí nọ́ńbà mi wà lára gíláàsì iwájú tí ẹ ń wò lójoojúmọ́? Èwo nínú àwọn onírin ló gbé sítíárìn náà lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo wọn? Ìgándò ló gbé e lọ àbí ibòmíràn? Kí alága, ajórin àti mẹkáníìkì wá sílé wa l'Ẹgbẹ́dá. Kí wọ́n jókòó níwájú bàbá mi, kí ẹni tó gé e sì la ẹnu ara rẹ̀, kó ní, “Èmi ni,” kó sì sọ ìdí rẹ̀.