Òjìji Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Màmá

Òórùn ìgbẹ́ àdán ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọkọ mi ti dé. Kó tó kí mi, kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a háyà l'Ákùúrẹ́, òórùn yẹn á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun àti eruku amọ̀ àtijọ́, mo sì máa mọ̀ pé inú ilé tí èèyàn ò gbé mọ́ ló ti ń bọ̀. Ọlátúnjí lorúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ni.

Nǹkan le lásìkò náà. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í wọlé, gàrí ti di ohun tí à ń wọ̀n sínú omi bí oògùn. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò? Àwọn tó ń wá, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń yà, tàbí kí wọ́n mú bàbá wọn tó ti dàgbà wá, kí a ya èyí tó dáa sílẹ̀ dè é, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri tó bá kú. Ẹnì kankan kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bàbá náà mọ̀. Á jókòó, á máa wo ojú kámẹ́rà bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, àwọn yẹn náà ò wá mọ́. Onílé gba ṣọ́ọ̀bù wa, kámẹ́rà ńlá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta bá a lọ. Ohun tó kù fún Ọlátúnjí ni kámẹ́rà kékeré kan tó ń fi kọ́ ọrùn, èyí tó rà lọ́wọ́ Bámidélé, ayàwòrán ará Ìkàrẹ́, àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí onílé gbàgbé láti gbà.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ahoro kiri. Obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń lọ rí. Mo tẹ̀ lé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti wé gèlè mi bí ẹni tó fẹ́ jà, ìjà ọ̀hún sì ti wà lẹ́nu mi látilé. Mo bá a nínú ilé oníkòkó kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ, ó dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú òòyà onígi kan tí irun funfun ṣì wà nínú eyín rẹ̀. Ó ń ya òòyà náà. Kò tiẹ̀ gbọ́ pé mo dé. Ojú tì mí, mo gbé ìjà mi padà sílé.

Irú nǹkan tó ń yà nìyẹn: ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan, ìdérí ìkòkò, ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé ta ló máa rà á. Ó ní kò sẹ́ni tó máa rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó fi í sílẹ̀ rò pé òun ń padà bọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ilé tó bá yà kì í pẹ́ wó. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé èyí tó ti fẹ́ wó ló ń yà, ṣùgbọ́n àdúgbò ò rò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá Àlàpà ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń kọjá, Àkàndé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe á pariwo pé, "Bàbá Àlàpà, ẹ kọjú kiní yẹn sọ́hùn-ún o, a ṣì ń gbé ilé tiwa." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá á sì rọra fa ọmọ wọn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Adúnọlá, ń gbé l'Óǹdó nígbà náà, ní Òkè-Lísà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ilé ọkọ rẹ̀, owó kòkó ló kọ́ ọ. Ọkọ náà ti kú, pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Àwọn ọmọ ìyàwó yòókù ti lọ sí Èkó, àwọn kan wà lóko ní Bọ́lọ́rundúró. Màmá nìkan ló kù, nínú yàrá tó kángun sí pálọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ọjọ́ tó bá sùn síta, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Màmá fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Tí òjò bá fọ̀ ọ́, á tún un kọ.

Ọlátúnjí ló rí i pé ògiri pálọ̀ ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wa bọ inú ibi tó sán, ó ní kí ó lè hàn nínú fọ́tò bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì yà á. Ṣinṣin ni kọ́kọ́rọ́ náà há. Nígbà tí a padà lọ, ó ti ń mì, ọkọ mi sì tún yà á. Òjò bẹ̀rẹ̀, a tún lọ, a bá a tó ti já bọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi sì wọ ibi tó há sí tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń ti inú rẹ̀ wá sí mi lọ́wọ́.

Ọlátúnjí to àwọn fọ́tò náà sórí ìbùsùn fún Màmá. Màmá gbé wọn sún mọ́ ojú, ó gbé wọn jìnnà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ náà ló kéré sí i.

"Àna mi, ẹ̀yin ayàwòrán lẹ máa ń mú nǹkan tóbi."

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ kó bá wa lọ s'Ákùúrẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Màmá ní ta ni òun máa fi ọkọ òun tì níbẹ̀. Ó wá bi í pé ṣé ó lè ya òun.

"Ti ìsìnkú, Màmá?"

"Ti kí lo tún rò? Ṣùgbọ́n kí ohun tí mo kọ sára ògiri hàn nínú rẹ̀. Kí wọ́n rí i pé mi ò sá."

Ó ní tó bá ti lè yà á bẹ́ẹ̀, òun á bá wa lọ.

Bí ọjọ́ náà ṣe rí nìyẹn. Òjò ti dá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ mú, ògiri ń gbẹ, ó ń yọ èéfín díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo wé gèlè fún un. Ó wọ sányán rẹ̀, a gbé àga jáde fún un. Nítorí pé kámẹ́rà náà kéré, àfi kí gbogbo wa jìnnà kí ilé tó lè hàn, Ọlátúnjí sì ń ní kí a gbé àga náà bọ̀ síwájú, kí a tún gbé e bọ̀, títí a fi sún Màmá dé ojú títì. Ọlátúnjí kẹ́yìn sí oòrùn. Ó yà á.

Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní ó ku ẹyọ kan. Fíìmù wọ́n lásìkò yẹn, ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun kì í yọ èyí tí ò tíì tán. Ó ní òun á lọ ya ògiri yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á sì mú kọ́kọ́rọ́ òun tó já sílẹ̀ níbẹ̀ bọ̀. Màmá ní, "Àna mi, fi sílẹ̀." Ó ní, "Mò ń bọ̀, Màmá, ẹ má mira o," ó sì wọlé.

Kò dún bí mo ṣe rò pé ilé ń dún tó bá ń wó. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀wà sílẹ̀ látinú àpò, ó wá ń pọ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Eruku bo gbogbo wa. Nígbà tó lọ sílẹ̀, Màmá ṣì jókòó ṣánṣán lórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, torí pé kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dìde.

Dàda tó ń gbé ìtòsí àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló fi ọkọ́ wú òkú Ọlátúnjí jáde. Kámẹ́rà náà wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣí. Bámidélé ló bá mi fọ fíìmù náà. Lẹ́yìn àwòrán Màmá, kò sí nǹkan kan mọ́.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ta ilẹ̀ náà kí ọdún tó yípo. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá gbé láti ìgbà náà, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi, títí tó fi sùn tí kò jí nínú oṣù tó kọjá. Mo gbé fọ́tò náà lọ fún Tósìn tó ń tẹ pósítà. Kò sí fọ́tò Ọlátúnjí kankan lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń ya gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ya òun. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yẹn, òjìji kan nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, orí rẹ̀ kan bàtà Màmá, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì sì yà sọ́tọ̀ bí ìyẹ́, bíi ti ẹni tó gbé kámẹ́rà sójú. Tósìn ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pa dúdú ibí yìí rẹ́, ó ń ba fọ́tò jẹ́." Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri Akùúrẹ́ àti Oǹdó. Ojú Màmá làwọn èèyàn ń wò, àwọn mìíràn ń ka ohun tó wà lára ògiri, pé ilé yìí kì í ṣe títà, wọ́n á sì máa wòye ilé wo nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lèmi ń wò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ díẹ̀ nínú wọn dànù. Mo ti ní kí Tósìn tẹ òmíràn.