Aṣọ Tí Mo Bọ́ Lára Ẹ́ńjìnnì

Mo rántí ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tú páànù tó yí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi ká, nítorí mo rò pé ooru ń mú un. Ìjàpá ni mọ́tò náà, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, tí kì í mu omi rárá, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló fi ń tutù. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà wá jókòó, mo ronú, mo ní bí èèyàn bá ń làágùn, ṣebí aṣọ là ń bọ́ lára rẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ aṣọ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mo kan páànù náà mọ́ orí ilé adìyẹ, inú mi sì ń dùn pé ọgbọ́n mi ti wúlò lọ́nà méjì.

Mọ́tò Sọ́ńdè ni. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń wà ní abúlé wa lẹ́yìn Akínyẹlé. Tó bá di Sọ́ńdè, mo máa ń fi gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn akọrin méjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó wà lórí òkè. Ìjọ aláṣọ funfun ni, ẹni tó bá sì ti wọ sútánà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kí a tó dé ìdajì òkè, mọ́tò á ti máa wúkọ́, èmi náà á wá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi tí orúnkún ń dùn á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta gbígbóná títí dé òkè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Tí eléyìí bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀kadà ni n óò máa gùn."

Ìyá ìjọ nínú aṣọ funfun, lẹ́yìn ọlọ́kadà! Èmi kọ́ ni gbogbo Akínyẹlé máa fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìkórè ìjọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tirẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ iṣẹ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí lọmọ wọn ń ṣe n'Ìbàdàn, wọ́n á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kó wá písítìnì tó tóbi jù lọ láyé, kó fi sí i.

"Bàbá kékeré, eré lẹ fẹ́ sá ni àbí òkè lẹ fẹ́ gùn?"

"Méjèèjì."

"Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ṣítíárìn mú bí ẹni tó mú ewúrẹ́ olè, eré wo lẹ fẹ́ sá?"

Ó mú ìwé, ó ń yàwòrán. Písítìnì tó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ lò, kì í ṣe èyí tó tóbi jù, nítorí agbára tí mọ́tò máa fi gbé ẹrù gun òkè jẹ́jẹ́ ló ń wá. Ó ní òun máa tún kábúrétọ̀ ṣe kí epo lè wọlé dáadáa. Mo ń mi orí bí ẹni tó yé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí mọ́tò.

"Páànù tó yẹ kó yí i ká dà?"

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn." Àgbàlagbà bíi tèmi, mo purọ́ fún ọmọ tí mo kọ́ ní kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Mi ò lè fi agbára kún un nìyẹn. Páànù yẹn ló ń kó atẹ́gùn fáànù jọ sára ẹ́ńjìnnì. Láìsí i, á máa gbóná, bó bá sì ti gbóná, agbára rẹ̀ á máa lọ. Tí mo bá tún wá koná mọ́ ọn, á jóná lórí òkè, màámi ló sì máa wà nínú rẹ̀."

Mo wolẹ̀. Mo wòkè. "Orí ilé adìyẹ ló wà."

"Kí ló wà lórí ilé adìyẹ?"

"Páànù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé páànù dé tòun ti ìgbẹ́ adìyẹ, ó sì ní èmi ni n óò fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, ó dè é padà, ó sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yà sínú ìwé.

Nígbà tó di Sọ́ńdè ìkórè, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún búùtù iwájú, aláṣọ funfun mẹ́ta sì jókòó, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti gbọ́ lẹ́nu mi ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe. A kọjú sí òkè. A dé ibi tí wọ́n ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ "Ẹ jọ̀ọ́," nítorí ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Àmọ́ mọ́tò ò wúkọ́. Ó kàn ń lọ ni, tẹrùtẹrù, títí a fi débi tó tẹ́jú. Akọrin kan pariwo halelúyà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Inú Bíbélì mi ni ojú ìwé tí ọmọ náà yàwòrán sí wà, tí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé ta ló ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, mo máa ń gbé àyà sókè kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí òkè lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí àwọn ará ìjọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n wá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Yí i padà. Jẹ́ ká padà sí ìsàlẹ̀, ká tún gun òkè náà. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn ò tíì rí iṣẹ́ ọmọ mi."