Ọmọ Tó Ń Fa Igi Lọ Sílé Ìyá Rẹ̀ Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn ò tíì lè rán èmi nìkan lọ sódò, ìwé ọmọdé tó wà nílé wa ní Savalou kò pọ̀ rárá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó o. Ọ̀rúndún tó kọjá ló ń parí lọ nígbà náà. Olùkọ́ ni bàbá mi, òun ló máa ń mú ìwé tó ti gbó wálé láti ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé.

Ìwé náà tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, bàbá mi ló fi okùn rán an. Ọmọdékùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó wọ aṣọ nípọn-nípọn, tó di igi ìdáná sórí pákó, tó ń fà á lọ sílé ìyá rẹ̀ àgbà lórí ilẹ̀ tí yìnyín bò, tó funfun báláú. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá mi máa ń kà á fún wa dáadáa, àwa náà á sì sùn lọ dáadáa kó tó parí.

Bantè gan-an ni ìwé yẹn ti dùn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó wa lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gígùn. Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀, mo ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Ó ní rárá, a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Tó bá sì di òru ńkọ́? Àtùpà wa kò mọ́lẹ̀ tó ohun tí a lè fi wo àwòrán. Ni Ìyá àgbà bá dá ọgbọ́n kan: tí oòrùn bá ti wọ̀, tí adìyẹ ń wọlé sùn, tí ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ká gbé ìwé wá. Ó ní ìgbà yẹn kì í ṣe ọ̀sán, kì í sì í ṣe òru, ẹnikẹ́ni ò lè bá òun wí. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn kì í ju ti àwòrán kan lọ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó di ọ̀la.

Ó wo ilẹ̀ funfun yẹn títí, ó ní àwọn ará ìlú yìí mà ya ọ̀lẹ o, òwú oko wọn ti là tán, wọn ò ká a. Ó ní ọyẹ́ ló mú kí ọmọ náà wọ aṣọ tó nípọn. Kò pẹ́ tí ọmọ ọ̀hún, nínú àlọ́ rẹ̀, ti kọjá Akpassi tó wà nítòsí wa, tó tọrọ omi lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ebè, tí ewúrẹ́ aláìgbọràn kan sì ń tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ kankan kò sí nínú ìwé náà. Ta ló bìkítà?

Ìsinmi parí nígbà tó ku ewé kan ṣoṣo, níbi tí ọmọ náà ti dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà pa ìwé dé, ó ní ká gbé e lọ, òun á mú ọmọ náà wọlé tí a bá padà dé.

Nígbà tí ìsinmi gígùn mìíràn fi máa dé, ojú Ìyá àgbà ti lọ, kò ríran mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá mi, ó kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó má baà bà á nínú jẹ́. Mo fi ìwé náà pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹrù aṣọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣeré. Ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kó ìró rẹ̀ mọ́ra kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mọ́tò ti dúró dè wá, Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti wọlé?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá àgbà. Wọ́n ní ojú yín ò ríran mọ́.”

“Ojú mi ló lọ. Ẹnu mi ńkọ́?”

Ìyá mi gbọ́ ọ. Nínú mọ́tò ló tó sọ pé a máa padà wá lọ́dún tuntun, pé òun fúnra òun ló máa gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀. Kí ọdún tuntun tó dé, wọ́n ti wá sọ fún wa ní Savalou pé Ìyá àgbà ti sùn.

Lóde òní, iná wà, ìwé aláwọ̀ mèremère wà, fóònù pàápàá ń ka ìwé fún ọmọ. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ìwé alàwòrán fún ọmọ yín, ẹ gbé e fún àgbà ilé, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, bí kò tilẹ̀ ríran. Ẹ ṣàlàyé àwòrán fún un, kí ẹ wá dákẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, àwa ni a ò béèrè.

Ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi bí mo ṣe gbọ́ ọ, t’òwú, t’ewúrẹ́, títí a ó fi dé ewé tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀, mi ò ní ohun mìíràn ju Faransé bàbá mi lọ: ọmọ náà wọlé, ó mu ọbẹ̀ gbígbóná. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á pa ìwé dé. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọmọ tí Ìyá àgbà ń mú bọ̀ ṣì dúró síta.