Bí Mo Ṣe Lọ Wo Ilé Àna ní Sansibá

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Àgbowó, ìyàwó mi ti di ẹrù mi, ó ti tú u, ó sì ti tún un dì. Ìgò ata gúngún kan ló ń wá àyè fún. Ó ní àwọn tó ń gbé etí òkun kì í jẹ ata. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní òun kàn mọ̀ ni.

Ìrìn àjò náà kì í ṣe ti fàájì. Rùká, àkọ́bí wa, ń kàwé ní ìlú Kairo, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Hamisi, ọmọ Sansibá, erékùṣù kan tó wà nínú òkun ní apá ìlà oòrùn Áfíríkà. Wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Ọmọkùnrin náà ti kí mi lórí fóònù títí, ohùn rẹ̀ dùn, kéwú rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n àwa ará Ṣakí kì í tìtorí ohùn fi ọmọ fọ́kọ. A máa ń ṣe ìwádìí. Bí ilé ọkọ bá wà ní Àpáta, èèyàn á wọ takisí lọ, á dọ́gbọ́n béèrè omi mu lọ́wọ́ aládùúgbò, á sì fi ojú wo àgbàlá. Tèmi wá wà láàárín omi. Àbúrò mi kan tí Ọlọ́run bù kún ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, Alihamudulilaahi. Ó kù kí n lọ, kí n wò, kí n sì sọ bóyá a fún wọn lọ́mọ tàbí a kò fún wọn.

Ìyàwó mi sìn mí dé ìdí takisí. "Àáfà," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òkun tàn yín o. Òkun kì í ṣe ilé. Omi wọn ni kí ẹ wò. Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ wọn. Ẹ wo bí àwọn ọkùnrin wọn ṣe ń dá ìyàwó lóhùn. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún yín. Àwa la ni ọmọ!"

"Ó dára."

"Kì í ṣe ó dára. Gbogbo wọn pátá, kí wọ́n nà gbalaja."

Takisí gbé mi dé Challenge, mo wọ bọ́ọ̀sì Èkó níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kan gbé wa dé Adis Ababa, a jókòó fún wákàtí mẹ́rin, òmíràn sì gbé wa dé Sansibá. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀ ṣí ìgò ata, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀meje, ó sì fi ọwọ́ júwe pé kí n máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Hamisi, Mzee Juma, ló wá pàdé mi. Mzee ni wọ́n ń pe àgbà lọ́dọ̀ wọn. Lárúbáwá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Níbi tí tèmi bá ti tán, ọwọ́ la fi ń parí rẹ̀. Ó fi mí wọ̀ sí ilé àlejò kan, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó mú mi lọ sí Ìlú Òkúta, ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ya fọ́tò. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò níbẹ̀, ilẹ̀kùn gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tí wọ́n kan ìṣó idẹ mọ́. Mo yin àkọ́kọ́. Mo yin èkejì. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ ìyìn tán nínú Lárúbáwá mi.

"Mzee," mo ní, "ilẹ̀kùn yín dára. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ wò."

"Ààfin ọba àtijọ́?"

"Ilé ìyàgbẹ́."

"Ṣé ó ti ń gbọ̀n yín ni?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń mú àlejò káàkiri, òun kò rí irú èyí rí. Ó bá ní ká máa lọ sílé òun ní Ng'ambo. Òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ìlú Òkúta ni wọ́n ń yà ní fọ́tò; òdìkejì ni àwọn tó ń fọṣọ tí wọ́n sì ń ránmọ níléèwé ń gbé.

Dala-dala ni ọkọ̀ èrò wọn, akẹ́rù kékeré tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ṣílè ni wọ́n gbà, kò tó irinwó náírà lówó wa. Òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ní ìdúró rúkúù ni mo wà títí a fi sọ̀. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mọ pèpéle sí, baraza lórúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mu kọfí kíkorò nínú ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ, wọ́n sì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá yọ kọfí kúrò, Mọ́kọ́lá gan-an ni.

A jẹ urojo lójú ọ̀nà. Ọbẹ̀ pupa rúsúrúsú ni, ó kan díẹ̀, wọ́n sì da ànàmọ́, àkàrà àti ẹyin sínú rẹ̀. Ó dùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìyàwó mi sọ: ata kò sí níbẹ̀. Mo yọ ìgò mi. Mzee Juma ní kí n bu díẹ̀ fóun. Ó tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó pe Ọlọ́run ní èdè mẹ́ta.

"Ta ló gún nǹkan yìí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kí lẹ fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Bí a ṣe ń lọ, gbogbo ọmọdé ń kí wa pé, "Shikamoo." Mzee ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni, "Mo di ẹsẹ̀ yín mú," pé àgbà á sì dáhùn pé, "Marahaba." Mo ní mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni di ẹsẹ̀ mú. Ó ní ẹnu làwọn fi ń dì í mú. Mo ṣe hàà. Lọ́kàn mi mo ní àwọn wọ̀nyí ń fi ìyà jẹ ìkíni.

A wọlé. Ìyá Mzee, tí í ṣe ìyá àgbà Hamisi, rọra jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ọ̀pá. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Mo rántí pé èmi ni bàbá ìyàwó. Mo rántí ohun tí ìyàwó mi wí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni bàbá mi ti fi pàṣán kọ́ ara mi lẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣakí. Kí ẹnu mi tó sọ pé "Shikamoo," àyà mi ti kan ilẹ̀.

Ariwo ta. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Ìyàwó Mzee sáré gbé garawa, ó da omi lé mi lórí látòkè délẹ̀. Báyìí ni mo ṣe wo omi wọn: ó mọ́, ó tutù, ó sì pọ̀. Ìyá àgbà nìkan ni kò pariwo. Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Marahaba."

Ìyàwó Mzee kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le. Mo bi Mzee pé kí ló ń sọ. Ó ní, "Ó ní mo gbé àlejò kiri nínú oòrùn bí ẹja tí mo fẹ́ sá." Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ó mú aṣọ ìnulẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń nu omi. Wọ́n yá mi láṣọ, wọ́n sì mú mi lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láti pààrọ̀ èyí tó tutù. Kí n má purọ́, ó mọ́ ju tiwa lọ.

Nígbà tí mo jáde, mo ṣàlàyé pé ara mi le, pé báyìí la ṣe ń kí àgbà nílé wa, pé àwọn ẹbí ọkọ gan-an ló sì yẹ kó ṣe é fún ẹbí ìyàwó. Mzee túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Mzee túmọ̀ èyí náà, ojú ń tì í: "Ó ní ẹni tó ni ọmọ ti sùn sílẹ̀, kí làwa ń dúró ṣe?"

Mzee àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì tí ariwo ti pè wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọ̀kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ikùn ẹnì kejì kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ní, "Ẹ tẹ́ ọwọ́! Ẹ gbé àgbọ̀n sókè!" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ó pè mí, ó gbé ọwọ́ lé orí mi tó ṣì tutù, ó ń ṣe àdúà. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ ju orúkọ Rùká lọ, tó ń pè léraléra kó má baà ṣì í pè. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò tún sí ẹni tó gbé ọwọ́ lé mi lórí bẹ́ẹ̀. Mo ṣe àmín. Mo ní fún Mzee pé, "Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti lọ́mọ."

Mo padà dé Àgbowó láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. N kò tíì bọ́ bàtà tán tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Omi wọn ńkọ́?"

"Ó tutù."

"Ilé ìyàgbẹ́?"

"Ó mọ́."

"Àwọn ọkùnrin wọn?"

"Wọ́n ń nulẹ̀."

"Ṣé wọ́n dọ̀bálẹ̀?"

"Gbogbo wọn. Gbalaja."

Ó kígbe Alihamudulilaahi, ó sì sáré lọ sọ fún ará ilé kejì. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì dáhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú mọ̀ pé òtítọ́ tí a bù sí méjì kì í jẹ́ kéèyàn sùn dáadáa. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé bí a bá lọ wo ilé onílé, àwọn náà ń wò wá, ara wa á sì sọ ohun tí ẹnu wa kò fẹ́ sọ. Ìwé ìròyìn mọ́ṣáláṣí wa tí mo ń kọ ìtàn yìí sí, láti ẹ̀yìn ni ìyàwó mi ti máa ń kà á wá síwájú, nítorí náà ìlà tó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ìyá Rùká, má bínú, èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.