Ẹ Kà Á Sí Pé Ara Yín Kò Yá

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ orí ẹ̀rọ kò ní wàhálà, kó wá jókòó ti Morónfólú Àrówólò ní Lapaz, ní Accra. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn wà, àwọn méètì trotro tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ń pariwo "Circ! Circ!" nísàlẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi kéèyàn ti fèrèsé kó tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Kí wọ́n tó gbé ìkànnì ayélujára kankan jáde fún aráyé, Morónfólú ni yóò wá àwọn tí yóò kọ́kọ́ lò ó. Òun ni yóò kọ ohun tí wọn yóò ṣe níbẹ̀, tí yóò sì jókòó tì wọ́n láti wo ibi tí ọwọ́ wọn ti ṣìnà. Bí ọwọ́ bá sì ṣìnà, ìkànnì ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó ń lò ó. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú Abena tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Alata, mo ti gbọ́," ni Abena máa ń dá a lóhùn; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Ghana.

Accra ni wọ́n bí Morónfólú sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Twi àti Gà ló ń sọ ní títì. Nígbà tí ilé ìwòsàn àwọn obìnrin kan ní kí wọ́n ṣe ìkànnì tí èèyàn yóò ti máa fi fóònù gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, Gẹ̀ẹ́sì àti Twi nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Morónfólú ló ní kí wọ́n fi Yorùbá kún un, nítorí ó mọ àwọn ìyá ní ọjà Cow Lane tí wọ́n ń fi Twi ná ọjà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ Yorùbá nìkan ni wọ́n lè kà. Olútóyè, ọ̀gá wọn tó ti Èkó wá, kò gbà.

"Ta ni yóò lò ó? Gbogbo yín lẹ ti di ará Ghana tán! Ó dáa, kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá lò ó débi tó yẹ, kó dúró. Bí wọn ò bá lè lò ó, màá yọ ọ́."

Morónfólú ló kúkú fi ẹnu ara rẹ̀ fà á.

Ó múra, kí n má parọ́. Ó nu àwọn fóònù, ó ra omi, ó to àga, ó sì kìlọ̀ fún Abena pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí òun yóò tẹ̀, kó máa dá a lóhùn pé, "Kí lẹ̀yin rò?" Ó wá ṣí ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò, ó túmọ̀ rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ẹ kà á sí pé ara yín kò yá. Inú ń run yín gan-an. Ẹ lo ìkànnì yìí láti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà." Ó kà á lákàtúnkà, ó dùn mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pe Àlájà Bushrah, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ olóògbé, tó ń ta lọ́fínńdà ní Cow Lane, pé kó wá bá òun fi ṣe ìgbìdánwò. Àlájà wọlé, wọ́n kí ara wọn kánrin, ó gba fóònù, ó sì kàwé náà.

"Ta ni ara ẹ̀ ò yá?"

"Ẹ kàn kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí n kà á sí bẹ́ẹ̀? Èmi Bushrah? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!" Ó da fóònù dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ po, ó sì ta ìka sẹ́yìn. "Nítorí omi inú ike yìí lo ṣe fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn? Morónfólú! Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ kẹ̀!" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Abena rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Morónfólú sáré tún un kọ: kì í ṣe ẹ̀yin mọ́, aládùúgbò yín kan ni ara rẹ̀ kò yá. Ó fún Adérónkẹ́, ìyàwó pásítọ̀ kan ládùúgbò. Ìyẹn kà á, ó káàánú, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún aládùúgbò náà lóhùn rara títí Olútóyè fi ṣílẹ̀kùn wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn àmín, ó béèrè orúkọ aládùúgbò ọ̀hún kí àwọn lè fi í sínú àdúrà ìsọ́ òru.

"Ọ̀la ni o," ni Olútóyè wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ojú ti Morónfólú, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ṣé kò mọ̀ ni? Ìyá rẹ̀ kò fìgbà kan sọ pé ara òun kò yá. Ohun tó máa ń wí ni pé òun fẹ́ lọ kí dókítà. Ilé ló fi gbogbo ìmọ̀ yẹn sí nígbà tó jókòó ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́: "Ara yín le, àlàáfíà lẹ wà. Ẹ kàn fẹ́ kí dókítà wò yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Ó wọkọ̀ lọ bá Àlájà ní Cow Lane, ó kúnlẹ̀, ó kà á fún un.

"Ẹn-ẹ́n! Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìyí. Màá wá."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wá lóòótọ́. Olútóyè fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n. Ọjọ́ mímú dí àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀; ẹnu ń yún Morónfólú, ṣùgbọ́n ńṣe ló kọ ọ́ sílẹ̀. Àlájà ló kẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí dókítà yóò wò, ìka rẹ̀ fo "Gbogbo ara," ó sì tẹ "Kókó nínú ọmú." Kò lo orúkọ àfiṣeré tí wọ́n fún un. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni mo mú," ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ìka ò sì lẹ́nu. Ṣé dókítà ti rí i báyìí?"

Abena wo Morónfólú. Kò sẹ́ni tó lè béèrè pé kí lẹ̀yin rò. Ìkànnì ìgbìdánwò ni. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ kò dé ibì kankan.

"Màmá, kò tíì rí i," ni Morónfólú wí. "Ẹ forí jì mí. A ò tíì so ó mọ́ ilé ìwòsàn."

Àlájà fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Kò burú. Ọlọ́hun ló mọ ìdí ẹ̀." Ó fẹ́ dìde, Morónfólú sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A ò ní dúró de ọjọ́ Ajé, Màmá. Òní la jọ ń lọ."

Olútóyè ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Abena, pe ilé ìwòsàn, sọ fún wọn pé a ń bọ̀," ó wí. "Má sì fọwọ́ kan Yorùbá yẹn o, kó dúró síbẹ̀."

Ní àárín àkàsọ̀, Àlájà dúró.

"Tí dókítà bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó yíjú sókè síbi tí wọ́n kó àwọn fóònù sí.

"Bá mi mú fóònù yẹn dání," ni Àlájà wí. "Màá tún un tẹ̀ níwájú ẹ̀."