Bí A Ṣe Mú Bọ̀dá Jímọ̀ ní Ìgbèkùn

Òórùn sítáàṣì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni mo fi ń mọ̀ pé ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti dé. Láàárọ̀, kí oòrùn Houston tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀dà ojú ọ̀nà, ìyá mi á ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, á gbá èmi àti Táófíkì àbúrò mi síwájú, á sì kan ilẹ̀kùn tó dojú kọ tiwa ní àpátímẹ́ǹtì wa ní Greenspoint. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí, òórùn náà á ti kí wa kí onílé tó kí wa: òórùn aṣọ tútù tí iná ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ tó fẹ́ jóná nídìí ìkòkò.

Gíránmà Lọ́tì ni onílé. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, arúgbó tó gbẹ bí igi, tí kì í rí aṣọ kó má lọ̀ ọ́. Ó ń lọ aṣọ ìbùsùn, ó ń lọ táwẹ́ẹ̀lì, kódà ó ń lọ àkísà tó fi ń nu àwo. Míìsì Lọ́tì ni àwọn ọmọ tó kù ń pè é. Nígbà tí èmi náà dán an wò, ìyá mi bi mí pé, "Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?" Bó ṣe di Gíránmà wa nìyẹn. Ilé àwọn arúgbó ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ń wa takisí ní pápákọ̀ òfurufú, bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀ la sì ṣe ń wá a. Ìyá mi a máa sọ pé ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Igba ojú tiwa ní Houston kò ju méjì lọ, ẹ̀yìn awò Gíránmà Lọ́tì sì ni méjèèjì wà.

Kì í lọ aṣọ láìsọ̀tàn. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lórí òkè, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i, níbi tó ti fọ aṣọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwa ọmọ Houston kò mọ òkè. Ilẹ̀ ibí tẹ́ bí àwo. Ohun tó ga jù tí èmi àti Táófíkì tíì gùn rí ni afárá fíríwéè. Nítorí náà, orí afárá ni mo máa ń gbé hòtẹ́ẹ̀lì náà sí lọ́kàn mi, pẹ̀lú àwọn òpó funfun rẹ̀ àti fèrèsé tí kò lóǹkà, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á máa sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní àwọn olówó ló ń lọ gbatẹ́gùn níbẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ nínú omi tó ń sun látinú àpáta, wọ́n á fi igi gbá bọ́ọ̀lù kéékèèké lórí koríko, wọ́n á jẹ, wọ́n á sùn. Àfi bí ogun àgbáyé kejì ṣe dé. Ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá jà, ará Jámánì àti ará Japan, tọkọtaya àti tọmọtọmọ, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn gun òkè lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Wọn kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Sójà wà lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ wọ́n, torí àwọn aṣojú Amẹ́ríkà náà wà lọ́wọ́ ọ̀tá lókè òkun, bí o bá sì ti ṣe sí tèmi ni n ó ṣe sí tìrẹ. Wọ́n ń jẹ ẹran, wọ́n ń mu tíì, orí bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń sùn, títí ọkọ̀ òkun fi wá kó wọn, tí wọ́n fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn sójà gba ilé náà, wọ́n sọ ọ́ di ọsibítù fún àwọn tí ogun ṣe léṣe.

Táófíkì gbọ́ ìtàn yìí títí, ó ní òun náà fẹ́ kí wọ́n wá mú òun.

Àsìkò yẹn ni Bọ̀dá Jímọ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Houston nígbà náà, ẹ mọ irú àlejò tí mò ń wí. Àbúrò bàbá mi ni, ó ti Ìbàdàn wá, ó ní òun kàn fẹ́ yà sọ́dọ̀ wa díẹ̀ kí òun tó ríbi gbé. Díẹ̀ náà wọ ìgbà òtútù, ó jáde síbi ooru. Orí àga gbọọrọ ní pálọ̀ ló ń sùn, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n á sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ bíi tírà. Ìròyìn ló ń wò láàárọ̀, ìjàkadì ló ń wò lọ́sàn-án. Kàtúùnù tiwa ti di ohun à ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ aládùúgbò. Kò sì lè rí ọmọdé kó má rán an níṣẹ́. Bí a bá ráhùn, ìyá mi á ní, "Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Ẹ lọ fún un lómi."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé aṣojú ọ̀tá ni Bọ̀dá Jímọ̀. Ó ń jẹ ẹran, ó ń mu tíì, kò sì lọ síbì kankan. Kí ló tún kù?

A ṣí hòtẹ́ẹ̀lì wa ní pálọ̀. Èmi ni máníjà, Táófíkì ni sójà ẹnu géètì, pẹ̀lú ìbọn oníke tó ń tu omi. A ká táwẹ́ẹ̀lì bí Gíránmà Lọ́tì ṣe ń ká a, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mo fi tíréè gbé omi wá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin aṣojú." Bọ̀dá Jímọ̀ kò bi wá pé ta ni òun ń ṣojú fún. Ó gba omi, ó sì gúnra lórí àga bí ọba. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sọ fún bàbá mi pé, "Bọ̀dá, ẹ mà kọ́ àwọn ọmọ yìí o. Ọmọ tí wọ́n bí sílùú òyìnbó, tó ń kúnlẹ̀ gbómi fúnni." Bàbá mi wò wá tìfẹ́tìfẹ́, ó bu ẹran orí ìrẹsì rẹ̀ sí méjì, ó fún wa. Ó ti tó ọjọ́ díẹ̀ tí a ti há ọkùnrin náà mọ́lé, kò sẹ́ni tó mọ̀, òun gan-an kò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn pàṣípààrọ̀.

Ní ọ̀sán kan tí ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ẹnikẹ́ni kò gbó, Bọ̀dá Jímọ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó dára tó ní, ó sì gbé e jáde sí bàlíkónì láti sá a. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé ló wọ̀. Táófíkì wò mí, èmi náà wò ó. A wọ́ ilẹ̀kùn onígíláàsì náà pa dé, a sì ki igi ìgbálẹ̀ tí bàbá mi fi ń dènà olè bọ ojú irin rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo wá súnmọ́ gíláàsì, mo fi ohùn máníjà ṣàlàyé fún un pé ó ti wà ní ìgbèkùn, pé ẹnikẹ́ni kò ní fìyà jẹ ẹ́, àti pé bó bá ti lè búra pé láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́ tiwa ni tẹlifíṣọ̀n, a ó tú u sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Táófíkì gbé rìmóòtù sókè kó lè rí i. Mo tilẹ̀ gbé tíréè omi wá, ṣùgbọ́n ibi tí mo máa gbà gbé e fún un ni n kò rí.

Bọ̀dá Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ yìí." Bó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni fèrè mọ́tò dún nísàlẹ̀. Súlè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, tó wá gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní League City, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn òbí wa mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọdé.

Mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàsírá. Wọ́n ń dúró dè mí." Àgbàlagbà ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ìbínú tí ì bá bí tí ì bá bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa igi, kò mira. Sójà mi ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. A jọ fà á, èékánná mi ya, igi kò gbọ́. Súlè tún fọn fèrè. Òógùn ti bo Bọ̀dá Jímọ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó bóyá òun lè fò. Táófíkì ju ìbọn sílẹ̀, ó sáré lọ pe Gíránmà Lọ́tì.

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wo ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó wo tíréè, ó wo táwẹ́ẹ̀lì tí a ká. Ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní, "Aṣojú àwọn ọ̀tá ni, mà. A ò fìyà jẹ ẹ́." Mo rí ètè rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó jókòó sórí àga Bọ̀dá Jímọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò rẹ̀ nu. Lẹ́yìn náà ó ní ká fún òun ní ọ̀bẹ ìjẹun. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ náà sábẹ́ orí igi náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, igi fò jáde. Bọ̀dá Jímọ̀ wọlé, ọwọ́ ti lọ sókè, etí mi ti ń retí rẹ̀. Gíránmà Lọ́tì gba ṣẹ́ẹ̀tì tútù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ tó balẹ̀. Kó tó rí ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì náà ti padà dé, ó gbẹ, ó le, ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. A gbọ́ bí mọ́tò ṣe sáré jáde.

Gíránmà Lọ́tì kò bá wa wí. Ó kó aṣọ fún wa ní ilé rẹ̀ pé ká máa ká a. Mo fẹ́ tù ú lójú, mo ní bí a bá tún ṣí hòtẹ́ẹ̀lì wa, ẹnu ọ̀nà iwájú ni a ó mú un gbà wọlé. Mo wá bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló máa ń gbà ní ti òkè yẹn.

Ó ní ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó èédú sí. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Émọ́sì, wá dágbére fún òun kó tó lọ sójú ogun, pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn. Ó kàn fẹ́ yọjú wo pálọ̀ ńlá náà, kó lè máa rántí rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀tá tó fẹ́ lọ bá jà wà nínú pálọ̀ náà, wọ́n ń mu tíì.

Nígbà tí ilé náà wá di ọsibítù, ọkọ̀ ojú irin gbé Émọ́sì padà wá, tòun ti ẹsẹ̀ tó bàjẹ́. Iwájú ni wọ́n gbé e gbà wọlé, lórí ibùsùn aláìsàn. Gíránmà Lọ́tì fi omi aṣọ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a. Émọ́sì ń wo àjà ilé. Ó ṣẹ́jú sí i, ó ní, "Lọ́tì, mo ti wọlé. Kí wọ́n wá lé mi jáde."

Èmi ni mo bi í pé, "Ṣé inú bí yín?" Àbúrò mi fi ẹsẹ̀ ta mí, torí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í bi àgbà léèrè ìbínú.

Gíránmà Lọ́tì gbé áyọ́ọ̀nù nà ró. Ó ní, "Inú bí mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

Ó wá wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé máníjà ọjọ́sí lè máa gbọ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá Émọ́sì padà, aṣọ àwọn aṣojú náà ni wọ́n kó fún òun. Gbogbo ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn pátá lòun ti bọ inú sítáàṣì tó ki bí ògì, òun sì lọ̀ ọ́ títí ó fi le bíi páànù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ènìyàn ńlá náà ń rìn nínú ọgbà bíi pẹ́pẹ́yẹ. A yí gbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aṣọ tí a ti ká tú ká.

Ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́, ó ní ọmọ tó bá ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ó ní ká kúnlẹ̀ ká nawọ́ sókè. Ibẹ̀ la wà nígbà tí Bọ̀dá Jímọ̀ wọlé. Ó bu omi fúnra rẹ̀, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wò wá. Ó ní wọ́n ti gba òun síṣẹ́. Ó ní ọ̀gá wọn wo ṣẹ́ẹ̀tì òun títí, ó gbàgbé láti wo aago. Ìgbà tó mumi tán ló bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ ká dìde. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi ni ìjọba báyìí." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni a fi wo ìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀, tipátipá.

Kó tó di pé ilé ìwé wọlé dáadáa, ó ti gba ilé tirẹ̀ sí Rosenberg. Tẹlifíṣọ̀n di tiwa. A jókòó níwájú kàtúùnù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Gíránmà Lọ́tì ti fayé sílẹ̀ tipẹ́. Èmi náà ti di àgbà, apoògùn ni mí ní ọsibítù ńlá kan, ìwà mi sì ti bá ìlú mu. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí n wo ilẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin àgbà kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nípàdé, wọ́n fọ̀rọ̀ gún un lójú gbogbo wa, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ tábìlì. Mo bá a sọ̀rọ̀ nípa ooru nígbà tí a jáde.

Mo gbọ́n ju ọmọ Greenspoint yẹn lọ, mo sì mọ ìwàá hù jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí òun ló bá jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ì bá ti bi ọkùnrin náà pé ṣé inú bí i.